Iyọ̀ Lórí Ebè

Ẹ̀yin ará Modákẹ́kẹ́, ẹ ti bi mí tó. Láti ọjọ́ tí mo ti Òkè Ọya dé, kò sí ẹni tó pàdé mi lójú ọ̀nà Ìpetumodù tàbí ní mọ́sáláṣí tí kì í kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnìkan ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè pé, "Ṣìfáwù dà?" Mo dákẹ́. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó mọ ibi tó máa já sí. Ó já síbì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Múrítàlá, bàbá Jẹ́lílì, àgbẹ̀ alákùrọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn sí ilẹ̀ ọlọ́rinrin tó wà létí odò wa. Ẹni tó bá ní mi ò mọ ebè kọ, kó wá wí i lójú mi. Ṣìfáwù ni àbúrò mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tó fẹ́ Gàrúbà, ọmọ Hausa tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, tó sì bá a lọ sí abúlé wọn. Gàrúbà ti kú. Lẹ́yìn tí Ṣìfáwù ṣe opó tán, mo ní kó máa bọ̀ wálé, ó ní rárá. Ó ní ọkọ òun fi oko àlùbọ́sà kan sílẹ̀, òun fẹ́ máa dá a.

"Oko wo?" ni mo wí lórí fóònù. "Ìwọ tí o ò lè tu koríko ẹ̀yìnkùlé ìyá wa?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ó ní oko náà ń kú. Ó ní ó ń funfun. Mi ò mọ ohun tí oko ń ṣe tó fi ń funfun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a ti sin ìyá wa, ó ku èmi àti òun, mo sì fẹ́ kó wá jókòó tì mí kí ọjọ́ alẹ́ tó dé. Mo ra báàgì ńlá onílà pupa àti búlúù, èyí tí wọ́n ń pè ní Gana-mọ́sí-gò, láti fi kó ẹrù rẹ̀. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀ nígbà tí mò ń lọ àfi aṣọ méjì àti ọkọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ́. Mo ní bí mo bá dé ọ̀hún, màá fi oko hàn wọ́n.

Igi jìnnà síra

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Jíjókòó ni, títí ìdí á fi kú. Igi ló yà mí lẹ́nu. Nígbà tí a kúrò nílé, igi ń fara kan igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀kan á dá dúró síbí, èkejì á dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, bí orogún tó yan ara wọn lódì. Ètè mi là, ihò imú mi gbẹ. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì mí rí i pé mò ń fi itọ́ ra ètè. Ó bu òrí sí mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀, ó fi ìka júwe pé kí n fi pa á. A ò gbọ́ èdè ara wa. Mo tẹrí ba fún un títí orí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ la dé abúlé náà. Ẹ̀yin ará, mo rí omi! Nínú gbogbo gbígbẹ yẹn, ìjọba ti la kánàà gbọọrọ kan, omi ń ṣàn nínú ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nǹkan tútù yọ̀yọ̀ sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo wí nínú ara mi pé, "Ṣìfáwù, o purọ́ fún mi." Mo yà sínú oko kan, mo fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tú ilẹ̀. Ó dúdú, ó tutù. Àkùrọ̀ rèé! Nílé níbí, ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí omi sún mọ́ báyìí, ojú ìlara ni wọ́n á fi máa wò ó.

Ìgbà tí mo rìn síwájú díẹ̀ ni mo rí funfun náà. Ó tẹ́ sílẹ̀ ní abala abala, mo rò pé ẹnìkan da gààrí nù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àgbẹ̀ tó bá dé ilẹ̀ tuntun a máa tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ìkorò sì tẹ̀ lé e, bíi káún tí àwọn ìyàwó wa fi ń se ẹ̀wà.

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Ẹ̀gbọ́n mi!" Ṣìfáwù kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, àwa méjèèjì sì sunkún níbẹ̀ níṣojú àwọn ewúrẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta láìbéèrè

Ẹni tó gbà mí sílé ni Bàbá Sáánì, ẹ̀gbọ́n Gàrúbà tó kú, olórí ẹbí wọn. Òun náà ti ta àlùbọ́sà ní Sábó rí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Bó ṣe rí mi báyìí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò mi. Modákẹ́kẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń jẹ iyán láàárọ̀ bí ẹni pé ogun ń bọ̀?" Mo ní a ò tíì fi í sílẹ̀.

Wọn kì í bi àlejò léèrè ohun tó wá ṣe. Ọjọ́ kìíní, oúnjẹ. Ọjọ́ kejì, oúnjẹ. Báàgì mi ń rọ̀ lára ògiri, ó ṣófo, ó tóbi. Kò sí òmùgọ̀ tí kò mọ ohun tí irú báàgì bẹ́ẹ̀ wá ṣe nílé opó. Bàbá Sáánì wò ó, ó wò mí, ó sì gbé fúrá, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà, fún mi. Nílé níbí, wọn ì bá ti bi mí kí n tó bọ́ bàtà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ìdákẹ́jẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n máa jẹ́wọ́ fúnra mi.

Àwo kan ni àwa ọkùnrin jọ ń jẹ níwájú ilé. Túwó ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé oṣè tó ń yọ̀ bí ilá. Bàbá Sáánì á fi ìka ti ẹran sápá ọ̀dọ̀ mi. Èmi náà á tì í padà. Ó tún tì í wá. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi jẹ ẹ́ kí ẹran náà lè sinmi. Ṣùgbọ́n omi wọn, háà! Mo mu ún, mo gbìyànjú kí ojú mi má yí padà.

"Omi wa dà bí èyí tí ẹnìkan sunkún sí, àbí?" ni Bàbá Sáánì wí. "Tẹ́lẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀."

Bàyárábè ni gbogbo wọn ń pè mí. Kì í ṣe èébú, ọmọ Yorùbá ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀yà mi ṣe orúkọ mi rí. Ó dùn mí. Mo wá ronú pé ohun tí ojú àbúrò mi ti rí fún ogún ọdún nìyí. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Kí ni wọ́n ń pe ìwọ níbí?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò yé. "Ìyá Ámínà," ó ní. "Kí ni wọ́n ì bá tún máa pè mí?" Ámínà ni ọmọ rẹ̀, ó wà nílé ọkọ ní abúlé kejì.

Àdéhùn

Lọ́jọ́ kẹrin ni Bàbá Sáánì pe ẹbí jọ. Ó ní oko Gàrúbà ti kọ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, wọ́n sì ti pa oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tì. Ẹbí fẹ́ pa ti Gàrúbà náà tì. Ṣìfáwù ti bẹ̀ wọ́n fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Bí àlùbọ́sà bá gbà níbẹ̀, oko náà di tirẹ̀, kó máa jẹun níbẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ilẹ̀ náà máa lọ, kí òun náà tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo ti gbà bẹ́ẹ̀," ni Ṣìfáwù wí. Ó gbójú sókè wo ògiri. "Bí kò bá gbà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó ẹrù mi sínú báàgì yín."

Ó ti gbin ọmọ àlùbọ́sà, èyí tí wọ́n á tú lọ sóko, sí ilẹ̀ yanrìn kan lẹ́yìn ilé Bàbá Sáánì, kò ju ohun tó máa kárí oko náà lọ. Ìyẹn nìkan ló ní. Mo nà tàntàn, mo ní, "Ẹ fi oko náà sílẹ̀ fún mi. Mo gbé ọkọ́ mi wá."

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ kó bá mi bọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí wọ́n rí i pé àgbẹ̀ ni mí. Nínú ìfẹ́ méjèèjì, èyí ẹ̀yìn ló lágbára jù.

Ebè Modákẹ́kẹ́

Nígbà tí mo dé oko náà, koríko ìrẹsì gbígbẹ ló bo gbogbo ẹ̀. Ṣìfáwù ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. Lójú tèmi, oko ọ̀lẹ ni. Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ, mo finá sí i, mo gbá ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Mo wá bọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀yin ará, mo kọ ebè! Ebè gbọọrọ gbọọrọ, ó tọ́ bí okùn, poro tó wà láàárín wọn dọ́gba, ibẹ̀ ni omi kánàà yóò máa gbà. Àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà láti wò mí.

Bàbá Sáánì náà wá, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ebè yìí dára, wàláhì." Ó húkọ́. "Ṣùgbọ́n níbí, àlejò mi, ẹ̀gbẹ́ ebè la máa ń gbin nǹkan sí. Ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí omi poro ń dé."

"Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀?" Mo bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ̀gbẹ́ orí lẹ máa ń dé fìlà yín sí ni? Bàbá mi gbìn ín sórí ebè, bàbá tó bí i gbìn ín sórí ebè, ebi ò sì pa wá kú."

Ó ní, "Tóò." Ó sì lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, tóò yẹn wúwo.

Ṣìfáwù gbé igbá ọmọ àlùbọ́sà dání. Ó rọra sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni wọ́n sọ o. Orí ebè ni iyọ̀ yẹn máa ń gùn lọ."

"Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ebè?"

Èmi ni àgbà, àwọn àna rẹ̀ sì ń wò wá, kò ní bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀ níṣojú wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fi ṣe agbára. Ó ń mú ọmọ àlùbọ́sà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ lórí ebè. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àgbà nìkan ló gbọ́n.

Wọ́n ń kú nínú omi

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó dára. Lẹ́yìn náà ni orí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó jọ ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, ilẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi mọ̀ sí òǹgbẹ ni òǹgbẹ, mo bá ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ẹ̀fọ́ nílé. Bí mo ṣe ń bomi sí i tó, bẹ́ẹ̀ ló ń rọ tó. Ara mi kò gbà á. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá àlùbọ́sà jà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé oko, mo rí i pé orí ebè ti funfun, bí ẹni pé wọ́n ku láfún sí i. Ẹ̀gbẹ́ ebè dúdú mìnìjọ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Orí ebè nìkan ni funfun náà tò lé, gbọọrọ gbọọrọ, níbi tí mo to àlùbọ́sà sí gan-an. Mo fa ọ̀kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ́ bí òwú tí iná rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wúwo jù. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àyà jíjá yẹn, nǹkan kékeré kan wà nínú mi tó yọ̀. Ó ní, ó máa bá ọ relé báyìí. Mo gbọ́ ọ, ojú sì tì mí.

Ṣìfáwù dé bá mi níbẹ̀. Kò pariwo. Ó wo ebè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Kí lo wí?"

"Báàgì yín ti wà lára ògiri kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ebè. Ẹ fẹ́ kí n bá yín lọ. Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n mọ̀."

Mo búra fún un. Mo fi sàréè ìyá wa búra pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé ìgbéraga ni. Lẹ́yìn tí mo búra tán, mo tún jẹ́wọ́ ìdùnnú kékeré yẹn fún un. Mi ò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Bóyá mi ò fẹ́ kí ìbúra náà já sí ìdajì òótọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. "Ibí ni wọ́n sin Gàrúbà sí. Ibí ni Ámínà wà. Mo fẹ́ràn yín, ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé mi nìyí."

Mo jókòó tì í nínú eruku.

Ògúlùtu

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Sáánì wá bá mi. Mo ti gbára dì fún èébú. Nílé níbí, wọn ì bá ti bú mi dé orí bàbá tó bí bàbá mi lọ́mọ. Ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ó ní, "Ẹ mú ọkọ́ yín ká lọ."

Ó ní kí n gbẹ́ ihò sí etí oko. Mo gbẹ́ ẹ. Kò tíì jìn ju orúnkún mi lọ tí omi fi sun sínú ẹ̀. Bàbá Sáánì bẹ̀rẹ̀, ó mú ògúlùtu gbígbẹ kan, ó rọra fi ìdí rẹ̀ kan omi náà, ó sì dì í mú síbẹ̀. A ń wò ó. Ìsàlẹ̀ ògúlùtu náà dúdú. Dúdú náà gòkè díẹ̀, ó tún gòkè díẹ̀, títí ó fi dé orí níbi tí ìka rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò tì í.

"Ẹ ti lo àtùpà rí, àbí? Bí òwú ṣe ń fa epo nìyẹn," ó ní. "Ilẹ̀ wa kúnná, ó mọ omi fà. Òòrùn ń mu ún lókè. Ṣùgbọ́n òòrùn kì í jẹ iyọ̀, ó ń fi í sílẹ̀ ni. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Ibi tó bá ga jù, tó sì gbẹ jù, ibẹ̀ ló ń kóra jọ sí."

"Orí ebè," ni mo wí.

"Orí ebè," ni òun náà wí.

Ó mú mi lọ sídìí kànga àtijọ́ kan. Igi ẹnu ẹ̀ ti jẹ kòtò kòtò níbi tí okùn ń gbà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, okùn rẹ̀ gùn débi pé màlúù ló ń fà á. Mo yọjú wò ó, omi náà sún mọ́ mi débi pé mo rí irùngbọ̀n ara mi.

"Àwa la pè é wá sókè," ó ní. "Kánàà dé, inú wa dùn, a ń da omi sóko láìwẹ̀yìn. Èyí tí àlùbọ́sà ò mu wọlẹ̀ lọ, kò rí ọ̀nà jáde. Gọ́tà tó yẹ kó máa gbé e lọ ti dí, oníkálukú ń wo ẹnìkejì. Omi náà ń ga bọ̀ lábẹ́ wa, a ò rí i."

Ohun gbogbo yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Koríko tí mo sun, ìbòòji ni, kí òòrùn má baà mu ilẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ tí mò ń bù sí i, kò tó láti fọ iyọ̀ lọ, ó kàn ń bọ́ ọ ni. Gbogbo ohun tí mo ṣe ló dára nílé. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí irú ẹ̀ ò ṣe wá ní àkùrọ̀ tiwa.

"Òjò yín ni," ó ní. "Òjò tí kò jẹ́ kí àlùbọ́sà mi gbẹ ní Sábó. Ó ń fọ ilẹ̀ yín lọ́dọọdún, ó ń gbé iyọ̀ lọ sódò. Ẹ̀yin ń bú u."

Òótọ́ ni, a máa ń bú u. "Bàbá," mo ní, "kí ló dé tí ẹ ò dá mi dúró?"

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún àlejò lẹ́ẹ̀mejì, ìjà ló ń wá."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ojú tì í, ó ń fà mí dìde, ó ń wo ọ̀tún wo òsì.

Mo lé omi lọ

Mo ní kó bá mi bẹ ẹbí, pé ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Ṣìfáwù. Ó ní, "Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀ wọ́n." Mo bá wọ inú gọ́tà náà lọ.

Ó gba ìsàlẹ̀ oko púpọ̀ kọjá, ó kún fún erọ̀fọ̀ àti èèsún. Lọ́jọ́ kìíní, èmi nìkan ni. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Sáánì bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ bá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù rí bàbá nínú erọ̀fọ̀, ara wọn ò gbà á mọ́. Wọ́n ní ohun kan tó jọ ọ̀wẹ̀ wa, gàyà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wá, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, Bàyárábè síbí, Bàyárábè sọ́hùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí kò dùn mí. Ẹ wò ó, èmi alákùrọ̀ láti Modákẹ́kẹ́, mò ń lé omi kúrò lóko! Bí bàbá mi bá rí mi, á ní wọ́n ti ṣe mí.

Nígbà tí gọ́tà là, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde lára ilẹ̀, ó ń lọ. A wá ṣí kánàà sínú oko Ṣìfáwù, a jẹ́ kí omi bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kó wọlẹ̀, kó gbé iyọ̀ lọ sínú gọ́tà. A tún un ṣe. Ní gbogbo àárọ̀ mò ń lọ wo ihò tí mo gbẹ́. Omi inú ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní láti gbẹ́ ẹ dé ìbàdí kí n tó tún rí i, inú mi sì dùn. Mi ò rò pé ọjọ́ kan máa wà tí omi máa jìnnà sí mi tí inú mi á dùn.

Ó ku ọmọ àlùbọ́sà. Tiwa ti kú tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan yà wọlé, ó gbé igbá kékeré kan sílẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù nínú tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Ìyá Ámínà," ó ní, ó sì lọ. Òmíràn dé pẹ̀lú ìdì kan. Òmíràn tún dé. Mo jókòó ti ògiri lábẹ́ báàgì mi, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí mo wá mú lọ kò sọnù.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló gbìn ín. Èmi ni mò ń mú un fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ebè ló gbìn ín sí, ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó sì kó koríko gbígbẹ bo orí ebè. Ó wá wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a o."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí ìhà fi dùn wá.

Báàgì ṣófo

Mo dúró títí ewé tuntun fi nàró. Mi ò ní ní gbogbo ẹ̀ ló yè. Àwọn tó wà lápá ìsàlẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù dúró, ẹbí sì ní ó dára, kó máa dá oko rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, mo sọ báàgì kalẹ̀. Ṣìfáwù dì í mú. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Ṣé wàá fi kó ẹrù bọ̀ ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná."

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Àjò kì í dùn kónílé má relé, Ṣìfáwù."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ti wà nílé."

Ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn, ọ̀dàlẹ̀ ni. Jálẹ̀ ọ̀nà ni mò ń sọ fún ara mi pé, kí ló gba báàgì ṣe? Lẹ́yìn ìkórè á fi kó aṣọ rẹ̀, á wá. Ìdí tí mi ò fi dá yín lóhùn nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń béèrè. Mò ń retí báàgì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá

Awakọ̀ alálùbọ́sà kan pè mí láti Sábó pé ẹrù mi dé. Mo sáré lọ. Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti rí i, onílà pupa àti búlúù, ó kún bámúbámú, wọ́n fi okùn di ẹnu ẹ̀. Ọkàn mi fò sókè. Mo yọjú sí iwájú ọkọ̀, mo yí lọ sẹ́yìn.

"Èrò dà?" ni mo wí.

"Èrò wo, Bàbá?"

Mo gbé e sórí ọ̀kadà relé. Ìyá Jẹ́lílì ló tú okùn ẹ̀. Àlùbọ́sà ni, pupa, gbàǹgbà gbàǹgbà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ìró kan níbẹ̀, kò sí gèlè kan. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìyàwó mi rò pé inú mi dùn ni. Inú mi dùn lóòótọ́, ó sì tún dùn mí. Àwọn méjèèjì lè jọ wà nínú ènìyàn kan.

Mo pè é. "Ó dé, àbí?" ó ní. Ohùn rẹ̀ le koko. "Ẹ fún àwọn ará ilé níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mú díẹ̀ gbìn sí àkùrọ̀ yín."

"Báwo ni kí n ṣe gbìn ín?" ni mo wí. Ẹ gbọ́, èmi Múrítàlá ni mo béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Ṣìfáwù.

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó dé inú. "Orí ebè ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí o, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé lẹ wà."

Nítorí náà, ẹ yà wá gba àlùbọ́sà lọ́wọ́ Ìyá Jẹ́lílì, ó pọ̀. Bí ẹ bá sì tún bi mí pé Ṣìfáwù dà, ohun tí màá wí ni pé ó wà nílé.